Nígbà Tí Wọ́n Gbé Ìyá Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ Wá sí Wọ́ọ̀dù

Orúkọ tí àwọn òbí sọ obìnrin yìí wà níbẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́ nílé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Àwọn aláìsàn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí bó bá gún ènìyàn lábẹ́rẹ́, onítọ̀hún á ṣì dijú, á fún ètè pọ̀, kò ní mọ̀ pé ó ti fa abẹ́rẹ́ yọ tipẹ́. Òun ni nọ́ọ̀sì àgbà ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àti àwọn tí eegun wọn kán.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í ṣe iṣẹ́ ìjókòó. Láàárọ̀, bó bá ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó sùn síbi iṣẹ́, kò tún sí ìsinmi fún ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ń bì. Ẹni tí omi dírípù rẹ̀ ti tán ń pè. Ẹni tí kò lè dìde ń fẹ́ póò, kò sì lè dúró de ẹnikẹ́ni. Mọ̀lẹ́bí aláìsàn kan á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní láti àná ni àwọn ò ti fojú kan dókítà, bí ẹni pé inú àpò nọ́ọ̀sì ni dókítà wà. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ á dá gbogbo wọn lóhùn pẹ̀lú sùúrù. Kó tó di ọ̀sán, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú nínú bàtà, tíì tó bù láàárọ̀ á ti tutù sórí tábìlì, eṣinṣin á sì ti bá a tọ́ ọ wò. Àwọn ọmọ aláìsàn máa ń sọ fún un pé, "Ẹ ṣé mà. Bí ẹni pé ìyá yín lẹ ń tọ́jú." Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mọ́ ọn nínú. Àmọ́ bó bá délé, tó wá rántí pé òun ò tíì pe ìyá òun gan-an láti ọjọ́ mélòó kan, adùn náà á korò.

Ìyá rẹ̀ ń dá gbé ní òdìkejì ìlú. Àgbàlagbà tí kì í fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu ni wọ́n. Bí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ bá ráyè dé ọ̀dọ̀ wọn, á wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, á mi ike oògùn kó lè mọ èyí tó kù, á bi wọ́n bóyá wọ́n ti dín iyọ̀ kù, á sì sáré padà nítorí iṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń wa takisí, ló máa ń yà wò wọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Òun náà ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan pé Ìyá ti ṣubú ní balùwẹ̀, wọn ò sì lè gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún.

"Má gbé wọn dìde o," ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ wí. "Má ṣe fa ẹsẹ̀ náà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ́ ọ. Mò ń rán ọkọ̀ ilé ìwòsàn wa bọ̀."

Eegun ìbàdí ló kán. Dókítà eegun ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, ó sì yọrí sí rere. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé Ìyá wá sí wọ́ọ̀dù ọmọ wọn, sórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ti ká apá aṣọ sókè, ó ti ń fọwọ́, nígbà tí Mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá gbogbo nọ́ọ̀sì, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"O mọ òfin wa," ni Mátírọ́ọ̀nù wí. "Nọ́ọ̀sì kì í tọ́jú mọ̀lẹ́bí ara rẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀."

"Wọ́ọ̀dù mi mà ni, mà."

"Wọ́ọ̀dù rẹ ni. Ìyá rẹ sì tún ni. Mo ti yan Ẹlẹ́rìn-ín fún wọn."

Ẹlẹ́rìn-ín ló kéré jù nínú àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù náà. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di egbò láìjẹ́ kó gbá ẹran mú, àti bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà kí ìdùbúlẹ̀ má baà bó o lára. Orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ bá a mu, nítorí kó tó wọlé ni ẹ̀rín rẹ̀ ti ń wọlé. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn díẹ̀ pé Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n yàn, torí ó mọ̀ pé ọmọ náà ò ní fìyà jẹ ìyá òun. Kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ìgbádùn Ìyá ló máa dun òun, kì í ṣe ìyà wọn.

Ní àárọ̀ tó tẹ̀lé e, Ẹlẹ́rìn-ín gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ sí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó sì fa aṣọ ìkélé yí i ká. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ń pín oògùn ní òdìkejì yàrá. Ó ń retí kí Ìyá kérora, ó sì ti múra àtisáré lọ. Ẹ̀rín ló gbọ́. Ìyá ń rẹ́rìn-ín, irú èyí tó máa ń ti ìsàlẹ̀ ikùn wá tí á fi dikọ́. Kò rántí ìgbà tó gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ kẹ́yìn. Ó dúró gbagidi pẹ̀lú ife oògùn lọ́wọ́, títí tí aláìsàn tó wà níwájú rẹ̀ fi sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, ṣé tèmi ni, àbí ẹ̀yin lẹ fẹ́ lò ó?"

Nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín jáde, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ẹ ò sọ fún wa pé èèyàn ńlá ni Ìyá, mà," ó ní. "Wọ́n ní nígbà ọ̀dọ́ àwọn, kò sí ọkùnrin tó lè lé àwọn bá lórí kẹ̀kẹ́. Wọ́n ní ìtìjú bá ọ̀kan nínú wọn débi pé ó ju kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ sí kòtò, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé."

Láti ọjọ́ tí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ti dáyé, kò gbọ́ ọ rí pé ìyá òun gun kẹ̀kẹ́.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ìtàn àtijọ́ ni."

Irọ́ ló pa. Kò bi Ìyá léèrè rárá, torí bó bá béèrè, á hàn pé kò mọ̀.

Ibẹ̀ ni owú ti wọlé. Àwọn àgbà ní òjòwú ò lẹ́ran láyà, ìbá jẹun kì í yó. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí Ẹlẹ́rìn-ín ń yà sí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Bí ọmọ náà bá jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, á ní, "Bẹ́ẹ̀dì aláìsàn kì í ṣe àga." Bó bá dìde, á ní aṣọ bẹ́ẹ̀dì ti rún níbi tó jókòó sí. Ó bá a wí lórí ìbọ̀wọ́ tó gbàgbé sórí fèrèsé, ó bá a wí lórí aago tó so mọ́ àyà sódì. "Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni Ẹlẹ́rìn-ín máa ń sọ, á sì tún un ṣe. Àìjanpata rẹ̀ yìí gan-an tún ń bí ẹ̀gbọ́n nínú sí i.

Lọ́jọ́ kan, ó ń kọjá lọ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó gbọ́ tí Ìyá ń sọ pé, "Rọra o, Yéyé mi. Ibẹ̀ yẹn ló ń dùn mí."

Yéyé mi. Orúkọ tí Ìyá ń fi pe òun nìyẹn nígbà tó wà ní kékeré, nígbà tí wọ́n bá ń di irun fún un láàárín orúnkún wọn méjèèjì. Láti ìgbà tó ti wọ aṣọ funfun nọ́ọ̀sì ni Ìyá ti ń pè é ní "Nọ́ọ̀sì" níwájú àlejò, pẹ̀lú ìyangàn. Inú rẹ̀ máa ń dùn sí i. Kò ronú rí pé orúkọ kan ti lọ kí èkejì tó dé. Ó wọ yàrá tí wọ́n ń kó oògùn sí, ó tilẹ̀kùn, ó dúró síwájú àwọn ìgò, kò mú nǹkan kan.

Nígbà tó di ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ó pa adìyẹ, ó sè é títí tó fi rọ̀, ó gbé abọ́ wá lákòókò tí wọ́n ń kí àwọn aláìsàn. Aṣọ ilé ló wọ̀. Olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà tiẹ̀ kọ́kọ́ dá a dúró kó tó dá a mọ̀.

"O ṣé, ọmọ mi," ni Ìyá wí. "Gbé e síbẹ̀ ná. Ọmọ mi ti fún mi lóúnjẹ, mo yó."

"Ọmọ yín wo?"

"Ẹlẹ́rìn-ín ni. Ó bu ẹyin sí búrẹ́dì fún mi."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún, na ọrùn. Orúnkún wọn ló ń ṣàìsàn o, ojú àtetí wọn le koko.

"Èmi ò tíì yó," ni wọ́n wí.

Ó gbé abọ́ náà fún wọn. Olùkọ́ jẹ ẹran kan, wọ́n jẹ ìkejì, wọ́n nu ọwọ́.

"Ẹran yìí rọ̀. Bí ìjà yín bá ń lọ báyìí, màá ti sanra kí wọ́n tó ní kí n máa lọ sílé."

"Ta ló ń jà, mà?"

"Ọmọ mi, ó pẹ́ tí mo fi dúró níwájú kíláàsì. Bí ọmọ bá ń jowú ẹni tí wọ́n fi jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni mo fi ń mọ̀."

Ìyá ń wo ìta látojú fèrèsé bí ẹni tí kò gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ lọ bá Mátírọ́ọ̀nù. Ó ní òun gbọ́ pé iṣẹ́ ti wọ àwọn tó wà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé lọ́rùn, pé ọ̀kan nínú wọn ti lọ bímọ, àti pé Ẹlẹ́rìn-ín mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. Gbogbo ohun tó sọ ló jẹ́ òótọ́. Kò parọ́ ẹyọ kan. Mátírọ́ọ̀nù ní àbá tó dáa ni, ìwọ̀nba èèyàn tó wà nílẹ̀ náà ni a ó máa pín. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ẹlẹ́rìn-ín ti wá dágbére fún Ìyá.

"Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn ọmọdé ṣiṣẹ́, mà. Màá máa yà kí yín."

Nígbà tó ń kọjá lọ́dọ̀ Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, kò sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rò pé ara á tu òun. Ó tiẹ̀ tù ú, títí tó fi délé.

Nọ́ọ̀sì tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ mọ iṣẹ́ bí ẹni mowó. Kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù bí ọwọ́ ẹni tó ń ta yìnyín. Láàárọ̀ àkọ́kọ́, Ìyá ní àwọn ò wẹ̀. Nígbà tí ẹni tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn gbé igi onẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń dì mú rìn wá kí wọ́n dìde, wọ́n ní ó rẹ àwọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì. Oúnjẹ wọn ń padà bó ṣe lọ. Wọn ò bínú, wọn ò pariwo. Wọ́n kàn kọjú sí ògiri ni.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ mọ ohun tó ń bọ̀. Ó ti rí àwọn ìyá oníyàá tí eegun wọn ti jiná, tó jẹ́ ìdùbúlẹ̀ ló wá pa wọ́n. Nígbà tó gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì náà pé ibì kan ti ń pọ́n nísàlẹ̀ ẹ̀yìn Ìyá, ó gbé abọ́ ìwẹ̀. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó bu omi gbígbóná, ó fi tútù sí i, ó fi ìgúnpá wò ó bóyá ó ti tó, ó wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ó sì fà á pa.

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n wẹ̀ yín."

Ìyá di aṣọ tí wọ́n fi bora mú.

"Jáwọ́."

"Ẹ̀yìn yín ti fẹ́ bó. Bí a ò bá wẹ̀ ẹ́, tí a ò fi nǹkan pa á, á dégbò. Ẹ gbàgbé pé èmi ni. Iṣẹ́ mi ni."

"Mo mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ ni," ni Ìyá wí. "Èmi kọ́ ni iṣẹ́ rẹ."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ dúró, aṣọ ìwẹ̀ ń kán tótó sínú abọ́. Ìyá rọra yí ojú sí i.

"Bí ọmọ yẹn bá rí ìhòòhò mi, ó ti rí ti àwọn mìíràn, á tún rí ti ẹlòmíràn lọ́la. Bó bá délé á gbàgbé. Ìwọ ò ní gbàgbé. Gbogbo ìgbà tó o bá ti rántí mi, bí mo ṣe wà lórí bẹ́ẹ̀dì yìí ni wàá máa rántí. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú ń tì mí, ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Ohun tó tún wà níbẹ̀ ni pé ọmọ yẹn máa ń jókòó. Ìwọ, bó o bá dé, wàá wo dírípù, wàá wo ẹsẹ̀, wàá wo ohun tí wọ́n kọ sórí pátákó, wàá ní, 'Ìyá, ẹ kú ìsinmi,' o ti lọ. Kódà nílé mi, apá mi lo kọ́kọ́ ń wá kó o tó wo ojú mi. Ta ló gbé e lọ?"

Ó mọ̀ pé Ẹlẹ́rìn-ín ni wọ́n ń béèrè. Ó jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, níbi tó ti sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kò gbọdọ̀ jókòó.

"Èmi ni," ó ní. "Mo jowú."

"Mo mọ̀ tipẹ́."

"Ẹ ń pè é ní Yéyé yín."

Ìyá wá sọ ohun tí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ò retí.

"Jowú, ó yẹ ọ́. Ṣé o rò pé ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n jẹ? Ọdún gbogbo yìí tó o fi ń yí ìyá oníyàá padà, tó ò ń fi ṣíbí bọ́ wọn, tó ò ń dì wọ́n mú rìn. Wàá dé ọ̀dọ̀ mi, wàá máa ròyìn wọn. Ọ̀kan sọ báyìí, ọ̀kan ṣàdúrà fún ọ. Mo ti jowú gbogbo obìnrin tó ti sùn sórí bẹ́ẹ̀dì yìí. Mo tiẹ̀ máa ń ronú pé, bí èmi náà bá ṣàìsàn, wàá jókòó tì mí. Mo wá ṣàìsàn, wọ́n ní òfin ò gbà."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ sunkún. Kì í ṣe ẹkún ariwo, torí olùkọ́ wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó sì dájú pé wọn ò sùn. Omi tó bù tutù sínú abọ́. Nígbà tó yá, ó nu ojú, ó dìde.

"Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì tó wà ńlẹ̀ wẹ̀ yín lónìí, torí ẹ̀yìn yẹn. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀ fún mi. Mò ń lọ pè é."

"Kó kọ́kọ́ fọwọ́ ra nínú omi gbígbóná," ni Ìyá wí.

Ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, Ẹlẹ́rìn-ín gbé ọmọ kan sí èjìká, ó ń gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó fọ́ àwo. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, ó sì ti rí i pé ẹjọ́ náà ò ní ọ̀nà ẹ̀bùrú.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé ọ wá síbí," ó ní. "Kì í ṣe torí àwọn ọmọdé. Torí ìyá mi ni. Má bínú."

"Mo mọ̀, mà," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Ó dùn mí. Mo rò pé mo ṣe àṣìṣe nídìí iṣẹ́ ni, mo ro ó títí, mi ò rí i."

"Kò sí àṣìṣe kankan. Ohun tó o fi mú inú wọn dùn ni mi ò ní."

Ẹlẹ́rìn-ín gbé ọmọ náà sí èjìká kejì.

"Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá rí èmi àti ìyá tèmi, ẹ ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá jókòó pọ̀, kí omi tó hó lórí iná, a ti jà. Ọ̀rọ̀ irun mi, ọ̀rọ̀ ọkọ tí mi ò tíì fẹ́. Ìyá yín rọrùn fún mi torí wọn kì í ṣe ìyá mi. Bóyá ìyá mi náà ń wá ẹni tó máa bá rẹ́rìn-ín níbì kan."

Mátírọ́ọ̀nù ò rí ọ̀rọ̀ náà bí ẹ̀rín. Nígbà tí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ sọ òtítọ́ ibẹ̀ fún wọn, wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n wò ó.

"Ìwọ tí mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn tó kù. Ẹlẹ́rìn-ín ò lè padà. Àwọn ọmọdé nílò rẹ̀, ìwọ lo sọ ọ́, òótọ́ sì ni. Bó bá fẹ́ fi àkókò ìsinmi rẹ̀ yà kí aláìsàn, mi ò rí i. Ìwọ náà, tó o bá ti parí iṣẹ́, bọ́ aṣọ iṣẹ́ kó o tó dé bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ọmọ ni kó o wá jẹ́ níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é. Lọ́sàn-án, Ẹlẹ́rìn-ín á yà, á fa Ìyá dìde sórí igi onẹ́sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n á rìn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á padà, olùkọ́ á máa fún wọn ní máàkì bí ẹni tó ń yẹ ìdánwò wò. Bí iṣẹ́ bá parí, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ á bọ́ aṣọ funfun, á wá jókòó lórí àga àlejò. Àga náà le, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì kúrú. Kò jókòó sórí rẹ̀ rí ní gbogbo ọdún tó ti ń ní kí àwọn ọmọ aláìsàn sún un sẹ́yìn kúrò lọ́nà. Níbẹ̀ ló ti wá mọ bó ṣe ń rí nígbà tí nọ́ọ̀sì bá kọjá tí kò wo ojú ẹni.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ síbi ọrùn ọwọ́ Ìyá láti wo bí iṣan ṣe ń lù. Ìyá gbá a lọ́wọ́.

"Fi ọwọ́ ẹ sílẹ̀. Báwo ni ọkọ ẹ?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò dán mọ́rán, ó ń dúró, ó ń tún bẹ̀rẹ̀, bí ọkọ̀ tí wọn ò wà fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n kàn jókòó lásán. Ẹ̀yìn Ìyá ò bó. Oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé owú náà kú, kò mọ owú. Bó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ Ẹlẹ́rìn-ín, tó rí bí ojú Ìyá ṣe ń là, nǹkan kan á já a jẹ lábẹ́ ìhà. Ó kàn jẹ́ pé kò tún wá iṣẹ́ fún un mọ́. Á dìde, á fi àga sílẹ̀ fún ọmọ náà, á lọ bu omi mu.

Nígbà tí wọ́n dá Ìyá sílẹ̀, àbúrò rẹ̀ ní kí wọ́n wá gbé lọ́dọ̀ òun, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ náà ní ọ̀dọ̀ òun ni. Ìyá ní ilé àwọn ni àwọn ń lọ, kí wọ́n bá àwọn fi irin ìdìmú sí ara ògiri balùwẹ̀. Àbúrò fi irin náà sí i. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó wá bá wọn gbé títí ó fi tán. Obìnrin aládùúgbò kan ló ń bá Ìyá wẹ̀ ẹ̀yìn. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ á dúró ní kíṣìnnì, á máa gbọ́ bí omi ṣe ń dà, á sì di ara rẹ̀ mú.

Lẹ́yìn tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó wá ọ̀dọ̀ wọn ní ìrọ̀lẹ́ kan, kò gbé ẹ̀rọ tó fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru dání. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni fóònù Ìyá dún. Ẹlẹ́rìn-ín ni. Ìyá gbé e sétí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá itan. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ dìde, ó kó àwo lọ sí kíṣìnnì, ó ń fọ̀ wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, títí tí Ìyá fi pariwo látinú yàrá.

"Fi àwo sílẹ̀ kó o wá jókòó. Ó ní kí n kí ọ. Mo ti sọ fún un pé mo ní àlejò."

Ó nu ọwọ́ sí aṣọ, ó padà wọlé. Ìyá ti pa fóònù, wọ́n ti gbé ìrọ̀rí kúrò lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.